Dùùrù onífèrè 578 kan ní Erékùṣù Èkó: àkọsílẹ̀ àtúnṣe láti ẹwìrì dé orí fèrè

Ohun kan ṣoṣo ni ìgbìmọ̀ ìjọ béèrè: ṣé kí wọ́n tún dùùrù onífèrè yìí ṣe ni, àbí kí wọ́n ra èyí tó ń lo iná, kí wọ́n sì tú ti àtijọ́ palẹ̀? A kò fi ẹnu lásán dáhùn. A tọrọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti ṣí i wò, láti tún ibi tí agbára ká ṣe, kí á sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ.

Àtẹ ọwọ́ méjì ló ní, Great àti Swell (èyí tí fèrè rẹ̀ wà nínú àpótí onílẹ̀kùn), ọmọ àtẹ 56 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú pẹ́dà 30 fún ẹsẹ̀. Ìlà fèrè kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àti ìfà tí a fi ń ṣí i; nọ́ńbà tó tẹ̀ lé orúkọ ń sọ bí ohùn rẹ̀ ṣe rẹlẹ̀ tó, èyí tó tóbi ló rẹlẹ̀ jù. Lórí Great: Open Diapason ẹsẹ̀ bàtà 8, Claribel 8, Dulciana 8, Principal 4, Fifteenth 2. Lórí Swell: Lieblich Gedackt 8, Salicional 8, Voix Celeste 8 tí kò ní fèrè 12 ti ìsàlẹ̀, Gemshorn 4, Oboe 8. Bourdon 16 nìkan ló wà fún pẹ́dà. Àròpọ̀ rẹ̀: 280 fún Great, 268 fún Swell, 30 fún pẹ́dà. Ọ̀pá igi tín-ín-rín ló so ọmọ àtẹ ọwọ́ mọ́ fáàfù abẹ́ fèrè, kò sí ọ̀rọ̀ iná níbẹ̀ rárá. Pẹ́dà nìkan ló yàtọ̀: afẹ́fẹ́ inú ọ̀pá òjé ló ń jẹ́ iṣẹ́ ẹsẹ̀ fún fèrè. Gẹ̀ẹ́sì ló kàn án, ọkọ̀ òkun ló gbé e wá.

Ọjọ́ 1 àti 2: kíkà àti wíwọ̀n

A kò tíì yọ ohunkóhun. Ẹnì kan jókòó sídìí àtẹ, ẹnì kan mú bírò àti ìwé, a fa ìfà kan jáde lẹ́ẹ̀kan, a sì tẹ ọmọ àtẹ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ẹ má ṣe fa ìfà méjì pọ̀ nígbà àyẹ̀wò, torí fèrè tó ń sọ̀rọ̀ yóò bo èyí tó yadi mọ́lẹ̀. Fèrè 68 ni kò fọhùn: 19 lórí Great, 38 lórí Swell, 11 ní pẹ́dà. Ọmọ àtẹ méje ń ké láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n, márùn-ún lórí Great, méjì lórí Swell.

Lẹ́yìn náà ni a wọn agbára afẹ́fẹ́. Irinṣẹ́ rẹ̀ kò ju rọ́bà gbọọrọ tó mọ́ gaara tí àwọn bíríkìlà fi ń wo lẹ́fùlù ògiri. Mítà kan ààbọ̀ ti tó. A tẹ̀ ẹ́ bíi lẹ́tà U, a dè é mọ́ pákó, a bu omi sí i dé ìdajì, a fi búlúù ìfọṣọ ráńpẹ́ sí i kí ojú lè rí i dáadáa. A yọ fèrè kan kúrò lórí àpótí afẹ́fẹ́, a ki ẹnu rọ́bà náà bọ ihò rẹ̀, a fi aṣọ dí etí rẹ̀ yí ká. Bí a bá tẹ ọmọ àtẹ fèrè yẹn, omi á rọ̀ lápá kan, á gòkè lápá kejì. Ìyàtọ̀ láàárín ojú omi méjèèjì ni agbára afẹ́fẹ́.

Ẹni tó kan dùùrù náà fi pẹ́ńsù kọ íǹṣì 3⅛ sára pákó inú rẹ̀, ìyẹn bíi mìlímítà 80. Ohun tí àwa rí ni 95 nígbà tí nǹkan kan kò tíì máa dún, àti 61 nígbà tí a fa gbogbo ìfà Great jáde tí a sì fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà méjèèjì burú, àìsàn wọn sì yàtọ̀ síra.

95 yẹn, ojú ló kọ́kọ́ já a. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì méjì wà lórí ẹwìrì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tí wọ́n dìídì gbé síbẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. (Ẹwìrì ni a ń pè é nínú àkọsílẹ̀ yìí, torí iṣẹ́ ẹwìrì alágbẹ̀dẹ gan-an ló ń ṣe, àfi pé ẹ̀rọ ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀.) Ẹni tó gbé búlọ́ọ̀kù náà síbẹ̀ gbọ́ pé ohùn dùùrù ti ń rẹlẹ̀, ó sì rò pé ìwọ̀n ni kò tó. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: mìlímítà omi kan dọ́gba pẹ̀lú kílò kan lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Orí ẹwìrì yìí jẹ́ mítà 2 ní gígùn, mítà 1.2 ní fífẹ̀, ó jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 2.4. Kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tó lè jẹ́ 80, kílò 192 ni ó yẹ kó wà lórí rẹ̀, pákó òkè pẹ̀lú irin. A gbé búlọ́ọ̀kù méjèèjì sórí òṣùwọ̀n: kílò 36. Ẹ fi 2.4 pín in, ẹ ó rí 15. A gbé wọn sọ̀kalẹ̀, omi inú rọ́bà padà sí 80 lójú ẹsẹ̀.

61 ni ìṣòro tòótọ́. Ìwọ̀n kò lè wo jíjò sàn. A jẹ́ kí ẹwìrì kún, a pa ẹ̀rọ, a ń ka àáyá: àáyá mẹ́sàn-án péré ni orí rẹ̀ fi balẹ̀ pátápátá. Ẹwìrì tó dá ṣáká máa ń tó ìṣẹ́jú kan, nígbà mìíràn ó máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. A fi àbẹ́là yí igun rẹ̀ ká, iná àbẹ́là sì ń tẹ̀ síta ní igun mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Awọ ibẹ̀ ti gbẹ, ó ń ya bíi bébà, ìyẹ̀fun pupa ló ń fi sílẹ̀ lọ́wọ́. Bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ní dùùrù ti gbó, ẹ bi wọ́n pé kí ló gbó nínú rẹ̀. Fèrè òjé àti tánńganran kì í gbó bẹ́ẹ̀. Awọ ló ń gbó, awọ sì ni nǹkan tí a lè pààrọ̀.

Ọjọ́ 3 sí 14: ẹwìrì

Ìṣẹ́po méjì ni ẹwìrì yìí ní, ọ̀kan kọjú síta, ìkejì kọjú sínú. Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Bí ìṣẹ́po bá ń pa dé, ìwọ̀n tirẹ̀ àti ọ̀nà tó gbà ń tì máa ń yí agbára afẹ́fẹ́ padà díẹ̀. Nígbà tí ọ̀kan bá ń fi kún un, ìkejì á máa yọ kúrò, kí 80 lè dúró ní 80. Ẹni tó bá tú u, kó ya fọ́tò rẹ̀ kó tó tú u. A ti rí ibi tí wọ́n dá méjèèjì kọjú síta nígbà tí wọ́n ń tò ó padà.

Awọ ni a kọ́kọ́ wá. Àyíká ẹwìrì jẹ́ mítà 6.4, ìlà tí awọ gbọ́dọ̀ bo sì jẹ́ mẹ́fà, mẹ́ta fún ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ọ̀já awọ tí a nílò jẹ́ bíi mítà 38, tí ó fẹ̀ ní mìlímítà 50, yàtọ̀ sí awọ igun mẹ́jọ. A kò ránṣẹ́ sí òkèèrè. Awọ ewúrẹ́ tí wọ́n fi èso bàgàrúwà, èyí tí àwọn eléwé-ọmọ ń pè ní booni, ṣe ní Kánò dára fún un: awọ pupa tí àwọn ará Yúróòpù fi orúkọ Mòrókò pè láyé àtijọ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ ẹ̀yìn ràkúnmí ló bá dé Mòrókò láti Kánò àti Sókótó. A ra 14. Ìdánwò rẹ̀ ni pé kí ẹ fi ètè lé e, kí ẹ fa afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí nǹkan kan fà, awọ yẹn ń jò, ibi tí irun rẹ̀ ti jìn ni afẹ́fẹ́ ń gbà. Mẹ́ta kùnà. Èyí tó nípọn ní mìlímítà 0.8 sí 1 ni a gé sí ọ̀já. Èyí tó rọ̀ jù tó sì nípọn jù díẹ̀, igun la fi í pamọ́ fún.

Gọ́ọ̀mù rẹ̀ kì í ṣe gọ́ọ̀mù funfun ti káfíńtà. Gọ́ọ̀mù funfun mú, kò sí iyèméjì, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò tún ẹwìrì yìí ṣe lẹ́yìn wa kò ní lè ṣí i láìya igi. Gọ́ọ̀mù awọ màlúù ni a lò. Ohun tó wà nínú pọ̀nmọ́ ló wà nínú rẹ̀, wọ́n kàn sè é títí ó fi yọ́, wọ́n sì sá a gbẹ. Ìwọ̀n kan gọ́ọ̀mù sí méjì omi tútù, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú. Ẹ gbé e sínú ìkòkò tó wà nínú omi gbígbóná, kó dé 60 °C, kó má kọjá 65, torí bó bá hó, agbára rẹ̀ ti lọ. Ẹ̀kán epo kànáfùrù mẹ́rin nínú ìdajì lítà kan kò ní jẹ́ kó bu. Ọ̀rinrin Èkó máa ń rọ irú gọ́ọ̀mù yìí, ìdí nìyẹn tí a fi kan ìṣó kéékèèké mọ́ ìparí ọ̀já kọ̀ọ̀kan, tí a sì fi ìdè irin sí gbogbo oríkèé igi. Àwọn tó ń kan dùùrù fún ilẹ̀ olóoru láyé àtijọ́ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀: wọn kì í fi igi sílẹ̀ fún gọ́ọ̀mù nìkan.

Bí a ṣe ṣe é nìyí. Omi ìlọ́wọ́ọ́wọ́ àti aṣọ la fi rọ awọ àtijọ́ kúrò. A fi ọ̀bẹ mímú fá etí ọ̀já tuntun títí etí náà fi tẹ́ pẹrẹsẹ. A kun igi, a kun awọ, a lẹ̀ ẹ́, a fi aṣọ tí a fún nínú omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí. Ní 31 °C, gọ́ọ̀mù kì í tètè dì, ó ń fún ọwọ́ láyè tó ìṣẹ́jú méjì. Èrè ilẹ̀ wa nìyẹn. Igun la fi kẹ́yìn, ẹwìrì ní láti ṣí dé ìdajì nígbà tí a bá ń lẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ nígbà tó pa dé, kò ní lè ga; bí ó bá ṣí tán, awọ á ká sínú nígbà tó bá ń balẹ̀, á sì sán lójú ìká náà. A fún un ní ọjọ́ méjì kó gbẹ kí a tó gbé irin padà sórí rẹ̀.

Àbájáde: àáyá 74 kí orí rẹ̀ tó balẹ̀. 80 láìtẹ nǹkan, 76 pẹ̀lú gbogbo ìfà Great. Awọ méje ló jẹ.

Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kò gba àkókò púpọ̀. Ní ọ̀sán Sátidé, iná ìjọba ń bọ̀ ní fóòtì 172, ẹ̀rọ ń gbóná, torí bí fóòtì bá rọ̀, ẹ̀rọ á fa iná púpọ̀ sí i láti gbé ẹrù kan náà. A fi sítábíláísà 2 kVA sí i, a pààrọ̀ kàpásítọ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ibi tó ti ń mí. Yàrá ẹ̀yìn tí jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ti ń fa afẹ́fẹ́, 36 °C, ó ń fẹ́ ẹ sínú fèrè tó wà nínú 28 °C. Ohùn kò lè dúró lójú kan bẹ́ẹ̀. A lu ògiri, a fi ọ̀nà ìmísí rẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀, a fi aṣọ sísẹ́ bò ó nítorí eruku.

Ọjọ́ 15 sí 24: àpótí afẹ́fẹ́ Great, àti ọ̀ràn AC

Lábẹ́ fèrè Great, fáàfù 56 wà, ọ̀kan fún ọmọ àtẹ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ igi gbọọrọ tí fẹ́ẹ̀tì àti awọ bò lójú. Lórí wọn ni pákó ìfà márùn-ún ń yọ̀ wá yọ̀ lọ láti ṣí ìlà fèrè tàbí láti dí i. Mẹ́ta nínú àwọn ọmọ àtẹ tó ń ké láìtẹ̀, ìyẹ̀pẹ̀ sìmẹ́ńtì ló há sí wọn lójú fáàfù: wọ́n ti tún àjà ilé ṣe rí, wọn kò bo dùùrù. Méjì yòókù, ọ̀pá igi wọn ni ó le jù. A yí bọ́tìnnì awọ orí rẹ̀ padà ní ìdajì ìyíká, ariwo náà dákẹ́.

Bọ́tìnnì awọ yẹn fúnra rẹ̀ gba ọjọ́ méjì. Méjì ló wà lórí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, 112 lápapọ̀, púpọ̀ nínú wọn sì ti le bí egungun. Aránbàtà ló bá wa fi irin ìluhò gé tuntun láti ara awọ màlúù tó nípọn ní mìlímítà 4. Ẹ yẹra fún awọ tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe tí wọn kò fọ̀ dáadáa, torí á sọ wáyà idẹ di àwọ̀ ewé láàárín ọdún díẹ̀, wáyà á sì já. Ọ̀sà tó wà nítòsí ń bá idẹ jà tó tẹ́lẹ̀.

Gbogbo fáàfù 56 la yọ, la fá, la lẹ fẹ́ẹ̀tì mìlímítà 3 mọ́, la sì fi awọ ewúrẹ́ bò, kí ojú rẹ̀ tó rí fùkẹ̀fùkẹ̀ kọ sí ihò, torí òun ló ń dí afẹ́fẹ́ dáadáa. Awọ méjì ló lọ sí i. Sípíríǹgì tí agbára rẹ̀ kéré sí gíráàmù 110 la ṣí díẹ̀ sí i. Èyí tó ju 130 la tẹ̀ pọ̀. Bí sípíríǹgì kan bá le ju èkejì lọ, ìka atẹdùùrù á mọ̀ ọ́n kí etí tó mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n pákó ńlá tí fèrè dúró lé lórí ló bà wá lọ́kàn jẹ́. Ó ti sán níbi márùn-ún, èyí tó gùn jù jẹ́ mìlímítà 310. Níbi tó bá ti sán, afẹ́fẹ́ á ti inú ihò ọmọ àtẹ kan bọ́ sínú ti aládùúgbò rẹ̀. Ẹ tẹ C, ẹ ó gbọ́ C# tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó fà á kì í ṣe ọjọ́ orí. A fi irinṣẹ́ tó ń wọn ọ̀rinrin sílẹ̀ nínú dùùrù fún ọ̀sẹ̀ méjì. Láàárín ọ̀sẹ̀, 83%. Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin tí AC ti ń ṣiṣẹ́, 55%. Igi tó ń gbé nínú 80% máa ń ní omi bíi 16% nínú. Nínú 55%, bíi 10%. Wákàtí mẹ́rin kò tó láti gbẹ inú igi tó nípọn, ṣùgbọ́n ó tó láti gbẹ ojú rẹ̀. Ojú á fẹ́ sún kì, inú kò ní gbà fún un, ojú á ya. Kí ó tó di ọjọ́ Ajé, omi ti padà. Ẹ ṣe èyí ní ìgbà 52 lọ́dún. Ọyẹ́ náà ń gbẹ igi, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni ọyẹ́ ń dé, kì í dé ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ kó sì lọ ní ọ̀sán.

Ojú sísán náà la gbẹ́ mọ́, la fi ọ̀pá igi ọ̀gànwó tẹ́ẹ́rẹ́ àti gọ́ọ̀mù dí, la sì fá a dọ́gba. Pákó ìfà la fi gúráfáìtì lásán pa. Ẹ má fi epo tàbí gírísì sí i láé, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, igi á wú. AC méjì ló kọjú tààrà sí dùùrù. A yí ọ̀kan padà, a fi pákó dá afẹ́fẹ́ èkejì sọ́nà mìíràn, a sì bẹ àwọn tó ń tan AC pé kí wọ́n má gbé e sílẹ̀ ju 26 °C lọ, kí wọ́n má gbé e sí 18 nítorí pé ìjọ pọ̀. Bí wọn kò bá lè ṣe èyí, owó tí wọ́n bá ná sórí àpótí afẹ́fẹ́, inú omi ni wọ́n ná an sí.

Ọjọ́ 25 sí 33: fèrè

Fèrè 19 tó yadi lórí Great: 12 ní ilé ẹrẹ̀ tí agbọ́n mọ sí ẹsẹ̀ tàbí sí ẹnu wọn, mẹ́rin ti rì lẹ́sẹ̀, mẹ́ta kò sí níbẹ̀ mọ́. Agbọ́n kò kà á sí nǹkan kan láti mọ ilé sínú fèrè Fifteenth tó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi bírò. Ẹ má fi wáyà gún un. A rẹ fèrè náà sínú omi ìlọ́wọ́ọ́wọ́ títí ẹrẹ̀ fi yọ́ fúnra rẹ̀, a fi búrọ́ọ̀ṣì ìgò ọmọdé fọ inú, a da orí rẹ̀ kodò kó gbẹ. Pẹlẹbẹ òjé tó wà ní ẹnu fèrè, èyí tó dà bí ahọ́n, kò gbọdọ̀ sún. Bó bá sún ní ìwọ̀n irun kan, fèrè á yá ju bó ṣe yẹ lọ tàbí kó fọhùn pẹ́. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ fèrè láti dán an wò bí ẹ ti mọ̀ pé itọ́ wà nínú èémí.

Àwọn mẹ́rin tó rì, òjé inú wọn pọ̀, ooru àti ìwọ̀n ara wọn ni wọ́n fi ń jókòó lórí ẹsẹ̀ wọn díẹ̀díẹ̀ láti ọdún pípẹ́, títí ihò ìsàlẹ̀ fi pa dé. A fi irin tó ní ṣóńṣó orí yí ẹsẹ̀ wọn padà láti inú, a lẹ òrùka idẹ mọ́ wọn, a sì fi okùn òwú so wọ́n mọ́ pákó tó wà lẹ́yìn wọn kí ìwọ̀n má bàa dúró lórí ẹsẹ̀ nìkan. Fún àwọn mẹ́ta tó sọnù, a wọn ẹnìkejì wọn lápá ọ̀tún àti lápá òsì: fífẹ̀ inú, gígùn, fífẹ̀ ẹnu, gíga ẹnu, gígùn ẹsẹ̀. Ìwọ̀n wọ̀nyí la ó fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń dá fèrè. Ní báyìí, kọ́ọ̀kì la fi dí ihò wọn.

Oboe la gbé jáde lára Swell, torí 22 nínú fèrè 38 tó yadi níbẹ̀, Oboe ni. Ahọ́n idẹ tín-ín-rín ló ń gbọ̀n nínú fèrè Oboe, ìdọ̀tí tó tó orí abẹ́rẹ́ sì tó láti mú un yadi. A yọ ìdè rẹ̀ díẹ̀, a ki náírà 100 tuntun sáàárín ahọ́n àti idẹ tó ń lù, a sì rọra fà á jáde. Bébà owó náà ń nu ojú méjèèjì láìfi irun sílẹ̀, láìfi ọ̀bẹ kan án. Náírà 20 kò lè ṣe é, rọ́bà ni. Ìtẹ̀ ahọ́n náà ni ohùn rẹ̀. Ẹni tí kò tíì kọ́ iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ fi ìka tẹ̀ ẹ́. 20 nínú 22 padà sọ̀rọ̀. Ahọ́n méjì ti dá.

Ọjọ́ 34 sí 38: túùnù

Ohùn fèrè ń gòkè bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá ṣe ń gbóná, bíi sẹ́ńtì mẹ́ta fún ìwọ̀n °C kan (sẹ́ńtì ọgọ́rùn-ún ló wà láàárín C àti C#). Fèrè tí wọ́n bá túùnù sí 440 (ohùn A tó ń gbọ̀n ní ìgbà 440 láàárín àáyá kan) ní 18 °C ní ilẹ̀ òtútù á ké 449 ní 30 °C ní Èkó, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Tiwa dúró ní 447 ní 28 °C. A kò já a wálẹ̀ sí 440. Kí a tó lè ṣe é, a ní láti fi kún gígùn fèrè tó lé ní 500, èyí á sì ba ohùn àwọn kéékèèké jẹ́. Ó rọrùn jù kí wọ́n wọ inú ètò kíbọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ akọrin, kí wọ́n gbé A rẹ̀ sí 447, kí àwọn afọnfèrè idẹ sì ti ọ̀pá túùnù wọn sínú.

Ọ̀rọ̀ Oboe yàtọ̀. Ahọ́n idẹ kò bìkítà fún ooru tó bẹ́ẹ̀. Bí AC bá mú ilé wá sí 24 °C, fèrè yòókù á bọ́ sí 444, Oboe á dúró ní 447, ẹ ó sì máa gbọ́ ìgbì mẹ́ta ní àáyá kan. Àwọn ènìyàn á ní Oboe ló yà kúrò. Fèrè yòókù ló yà. Oboe la máa ń túùnù bá fèrè, kì í ṣe fèrè bá Oboe, nígbà tí ilé bá sì wà ní ìwọ̀n ooru tí ìsìn ń bá a ni. Òwúrọ̀ kùtù tí ilé ṣì tutù kò dára fún un.

Ohun tí a kò fọwọ́ kàn: pẹ́dà, àti ìyókù Swell

Ikán ti gba ilẹ̀ ẹ̀yìn wọlé, ó ti jẹ ẹsẹ̀ fèrè Bourdon márùn-ún, láti C ìsàlẹ̀ lọ sókè. Fèrè tó gùn jù, èyí tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 8 torí pé orí rẹ̀ dí, ihò rẹ̀ ti ń gba ọwọ́. A gbé márààrún jáde, a pa ilẹ̀ náà lóògùn. Ẹsẹ̀ tuntun á jẹ́ ìrókò, ara rẹ̀ á sì wà bó ṣe wà. Fèrè mẹ́fà yòókù tó yadi ní pẹ́dà, ẹwìrì kéékèèké tó ń ṣí fáàfù wọn ni awọ rẹ̀ ti ya. Gbogbo 30 ló yẹ kí a pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pá òjé pẹ́dà ní funfun lára bíi àtíkè. Májèlé ni. Ẹ má gbá a ní gbígbẹ, ẹ fi aṣọ tútù nù ún, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, ẹ má jẹun níbẹ̀.

Swell ṣì ní fèrè 18 tó yadi, méjì Oboe pẹ̀lú 16 tó jẹ́ pé fáàfù ni ìṣòro wọn. Ọmọ àtẹ méjì rẹ̀ ṣì ń ké láìtẹ̀. Iṣẹ́ kan náà tí a ṣe lórí Great ni yóò wò ó sàn, ọjọ́ mẹ́wàá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé

Pẹ̀lú Great nìkan, orin ìsìn ń lọ. Ẹni tó bá sọ pé ó ti tó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé wa. Ṣùgbọ́n ìlú yìí kan náà ni T. K. Ekundayo Phillips ti jókòó sídìí dùùrù Kàtídírà Marina láti 1914 dé 1962, ibẹ̀ ni Fela Sowande ti kọrin lọ́mọdé, kó tó di ẹni tó ń fi orin ilẹ̀ Yorùbá kọ orin fún dùùrù onífèrè. Irú orin bẹ́ẹ̀ kò ṣe é fi Great nìkan tẹ̀. Ẹsẹ̀ ní iṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀, ilẹ̀kùn Swell tó ń ṣí tó ń pa dé ní tirẹ̀. Ìjọ tó bá fi pẹ́dà sílẹ̀ báyìí, kò ní sí ibi tí ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí á ti gbé ẹsẹ̀ lé e.

Dùùrù tó ń lo iná á tètè dún, a kò jiyàn. Bí bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ bá jó lọ́jọ́ tí ilé iṣẹ́ kò ṣe irú rẹ̀ mọ́, kò sí aránbàtà tó lè gé òmíràn. Ìmọ̀ràn wa fún ìgbìmọ̀ ni kí wọ́n parí Swell ṣáájú, torí pé a ti mọ iye ọjọ́ rẹ̀, kí pẹ́dà tẹ̀ lé e, kí ọ̀ràn AC sì di òfin tí wọ́n kọ sílẹ̀ kí iṣẹ́ èyíkéyìí tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ó di lẹ́yìn ìkórè kí wọ́n tó pinnu.

Fèrè Bourdon márùn-ún náà wà nílẹ̀ ní vestry lórí igi, wọn kò fara kan sìmẹ́ńtì, orúkọ ohùn kọ̀ọ̀kan sì wà lára rẹ̀ ní pẹ́ńsù. Nínú awọ 14, méjì ló ṣẹ́kù, wọ́n sì tó fún ẹwìrì kéékèèké 30 ti pẹ́dà. Bébà la fi ká wọn, a kò kó wọn sínú ọ̀rá, torí ọ̀rá á jẹ́ kí wọ́n bu.